Ìyá Ìsàmì Ọmọ Mẹ́tàlélógójì

Bí Helen bá ń bọ̀ lọ́nà, ìkòkò ọbẹ̀ á ti dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó dé. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bó ṣe rí nìyẹn. Ní Ìdíọ̀pẹ, abúlé kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà Òkìtìpupa sí Ìkọ̀yà, ilé tí wọ́n bá ti fẹ́ se ẹran lọ́jọ́ Ẹtì, tí ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti rí gèlè funfun lọ́ọ̀ọ́kán, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ilé á gbọ́. Helen á wọlé láìkan ilẹ̀kùn, á na imú sókè bí ajá ọdẹ: fíìn, fíìn.

"Ẹran ni mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀ yẹn?"

"Ẹja ni, Màmá."

"Ẹja wo ló ń rùn bí òkété?"

Á bẹ̀rẹ̀, á fa ìkòkò jáde, á ṣí i. Òkété á nà gbalaja níbẹ̀, á máa wò ó. Helen á wá nàró, á fọwọ́ sí ìbàdí, á bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: "Ta ló gbé ọ síbi omi ìsàmì? Èmi Helen ni. Àbẹ́là tí wọ́n tàn lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ta ló wà? Ọwọ́ èmi Helen ni. Fáda ní kí n jẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún ọ. Ìmọ́lẹ̀ tó wọnú ilé tí kò rí òkété, ṣé ìmọ́lẹ̀ nìyẹn?"

Ó di ìgbà tó bá jáde tán, kí wọ́n tó máa sín in jẹ. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n sín jẹ, títí kan àwọn tí kò tíì léyín: "Èmi Helen ni! Èmi Helen ni!" Wọ́n á wá gbé ìkòkò padà sórí iná.

Ọmọ mẹ́tàlélógójì ni Helen jẹ́ ìyá ìsàmì fún. Kì í ṣe pé ó wá a kiri. Òfin ìjọ ni pé ẹni tó máa gbé ọmọ síbi omi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gba Ara Olúwa, obìnrin tó bá sì lọ́kọ gbọ́dọ̀ ti fi òrùka fẹ́ ẹ níwájú Fáda. Ta ló wá kù ní Ìdíọ̀pẹ? Àwọn tó kù, ìyàwó kejì ni wọ́n, tàbí ìkẹta, tàbí ìyálé tí ọkọ ti mú òmíràn wá bá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń jókòó sí bí Mísà bá ń lọ. Helen nìkan ló lórùka. Benedict ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tó rọra ń sọ̀rọ̀, kò mú ẹlòmíràn lé e títí ó fi kú. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Fáda bá wá sàmì fún ọmọ, Helen náà ni. Ìgbà kan wà tó gbé mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ń gba ọ̀kan, ó ń gbé ọ̀kan sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ń já iṣu lọ́kọ̀.

Ká sọ tòótọ́, ó tọ́jú wọn. Ọdún tí igbóná jà, ó ń ti ilé dé ilé. Owó epo rẹ̀ ló fi ra ìwé fún àwọn tí bàbá wọn ò rà fún. Ṣùgbọ́n ó tún fa etí wọn. Ó wọ inú àwọn Aládùúrà ní Ìlútítun lọ́jọ́ kan, láàárín agogo àti àtẹ́wọ́, ó fi etí fa ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti nírùngbọ̀n jáde, bàtà tirẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ lórí ilẹ̀ mímọ́ wọn. Ta ló máa fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ohun tó wá dá ìjà sílẹ̀ gan-an, òfin kan ni. Ọjọ́ tí Helen kọ́kọ́ gbé ọmọ, katikíìsì àtijọ́, olùkọ́ ìjọ tó ti dolóògbé, ló sọ fún un pé: "Láti òní lọ, ìwọ ni ìyá ọmọ yìí níwájú Ọlọ́run. Ìyá ìsàmì àti ọmọ tó gbé kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn." Helen ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó lọ sílé, ó rò ó. Bí mo bá jẹ́ ìyá eléyìí, tí mo tún jẹ́ ìyá èyíinì, ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni wọ́n ni? Ọmọ ìyá kì í sì í fẹ́ra. Ìyẹn ò nílò Fáda, ewúrẹ́ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí Gbádégẹṣin di katikíìsì, Helen sọ òfin náà fún un. Gbádégẹṣin ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n katikíìsì tó bá lóun ò mọ̀, ta ló máa gbé iṣu wá fún un lọ́jọ́ ìkórè? Ó wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ: "Ẹ̀hẹ̀ẹ̀m. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí." Ó parí. Ó di òfin.

Nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré, kò dun ẹnikẹ́ni. Ó di ọdún tó tẹ̀lé ìparí ogun abẹ́lé, gbogbo wọn ti dàgbà, ojú ti là. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá sọ pé òun fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ìdíọ̀pẹ, wọ́n á kà á lórí ìka, Helen ló gbé e, Helen ló gbé òun náà. Wọ́n wá ń rìn lọ sí Igbodigo, wọ́n ń lọ sí Ìlútítun, wọ́n ń wá ìyàwó bí ẹni tí kò sí obìnrin ní abúlé rẹ̀. Àwọn ìyá tó ní ọmọbìnrin nílé ń gbó sí Helen láti ẹ̀yìnkùlé.

Bẹ́ẹ̀ ni Vincent, gbẹ́nàgbẹ́nà, lọ kó sínú ìfẹ́ Lucy, ọmọ Rẹ̀mílẹ́kún. Ẹnu Rẹ̀mílẹ́kún kò ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó pa á mọ́. Ọjọ́ tí Helen lọ ná ọjà epo ní Ìlútítun ni wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n ti jẹ iṣu, wọ́n ti mu ọtí, wọ́n ti fọ abọ́ tán kó tó dé. Ó ku ìkéde. Ìkéde ni kò ṣeé ṣe lẹ́yìn Helen, torí ó gbọ́dọ̀ wáyé nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Sunday, létí gbogbo èèyàn.

Gbádégẹṣin sáré kà á bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná mì: "VincentọmọìjọyìíàtiLucyọmọìjọyìífẹ́gbasákráméntììgbéyàwó-ẹni-tó-bá-mọ-ohun-tó-lè-dí-i-lọ́wọ́-kó-wí. Ẹ jẹ́ ká kọrin."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Helen wí. Ó ti dìde.

"Ẹ̀hẹ̀ẹ̀m. Màmá Helen, a ti fẹ́ kọrin."

"Ẹ ní ká wí, mo sì fẹ́ wí. Èmi ni mo gbé Vincent. Èmi ni mo gbé Lucy. Ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wọ́n níwájú Ọlọ́run. Ẹ fẹ́ ba ṣọ́ọ̀ṣì wa jẹ́?"

Rẹ̀mílẹ́kún fò dìde látẹ̀yìn, àga tó wà níwájú rẹ̀ ṣubú. "Ta ni ẹ̀gbọ́n ta? Ìgbà tí mò ń rọbí Lucy, ibo lo wà? O ti lọ ta epo! Inú mi yìí ló ti jáde, kò ti inú àbẹ́là jáde!"

"Nínú ara nìyẹn."

"Nínú ara náà ni mo wà! Ibo lo fẹ́ kí n wà?"

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Lucy fi ìborùn bojú. Vincent ń wo òrùlé bí ẹni tó fẹ́ tún pákó ibẹ̀ kàn. Gbádégẹṣin lu agogo títí, ó wá ní kí kálukú máa lọ ní àlàáfíà. Àlàáfíà wo?

Ìta ni wọ́n ti wá bára wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Rẹ̀mílẹ́kún na ìka sí imú Helen. "Gbọ́ mi dáadáa. Fáda ń bọ̀ ní Sunday kejì òní. Bó bá so wọ́n, ó so wọ́n. Bí kò bá so wọ́n, màá kó wọn lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Oyèkànmí ní Ìlútítun. Aládùúrà kì í béèrè ta ló gbé àbẹ́là. Wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n á gbàdúrà sí wọn lórí, ó tán."

"Bí wọ́n bá kúrò nínú ìjọ, ẹ̀mí wọn wà lọ́rùn rẹ."

"Ẹ̀mí Àjíṣafẹ́ ńkọ́? Ọrùn ta lo gbé ìyẹn kọ́?"

Àwọn tó ń sín Helen jẹ láàárín èrò sún sẹ́yìn.

Àjíṣafẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Helen bí nínú ara. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó ní Aníwúrà lòun máa fẹ́. Aníwúrà yìí sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tí Helen gbé síbi omi. Helen kọ̀. Àjíṣafẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Benedict fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kó dákẹ́. Aníwúrà wá kúnlẹ̀, Helen lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àjíṣafẹ́ di aṣọ méjì sínú àpò, ó wọ lọ́rì, kò sì padà wá mọ́, kò wá sìnkú bàbá rẹ̀ pàápàá. Wọ́n fún ọkùnrin kan ní Igbodigo ní Aníwúrà, ó fi í ṣe ìyàwó kẹta.

"Mo gé tèmi," ni Helen wí. "Ohun tí mo gé ní ilé mi, mi ò ní fi sílẹ̀ ní ilé rẹ."

Ó bọ́ sọ́nà, ó ń lọ sílé. Ó ń rò ó bó ṣe ń rìn. Bí Vincent bá lè fẹ́ Lucy, a jẹ́ pé Àjíṣafẹ́ ì bá ti fẹ́ Aníwúrà. A jẹ́ pé lásán ló lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ni kò lè gbé mì. Fáda gbọ́dọ̀ sọ pé òótọ́ ni òfin náà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin fìyà jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n jẹ. Ẹ mọ̀ pé ẹkù epo kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Wọ́n á se ẹyìn nínú àgbá, wọ́n á dà á sínú kòtò ẹkù, obìnrin márùn-ún mẹ́fà á ká aṣọ dé itan, wọ́n á wọlé, wọ́n á di ara wọn léjìká mú, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo á fi kúrò lára èkùrọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi sí i, kí epo léfòó. Lónìí tìrẹ, lọ́la tèmi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ Tuesday jẹ́ ti Helen. Ó ti se ẹyìn láti ìdájí. Kò sẹ́ni tó wá.

Wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá ṣá o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń gba ibẹ̀ ni.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ìmọ́lẹ̀!"

"Ẹ ní kí àwọn ọmọ mẹ́tàlélógójì wá bá yín tẹ̀ ẹ́!"

Ẹyìn tó bá sùn di ọjọ́ kejì, epo rẹ̀ á kan. Helen ká aṣọ, ó wọ inú ẹkù lóun nìkan. Kò sí èjìká tó máa dì mú. Bó bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ á yọ̀, á fi eékún ṣubú, á tún dìde. Ìgbà tí oòrùn dé àárín orí, epo ti dé gèlè rẹ̀, òógùn ti wọ̀ ọ́ lójú, kò sì tíì ṣe ìdajì.

Ó kàn gbọ́ pòòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lucy ló wọlé. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́, ó di Helen léjìká mú.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí ìyá mi bá rí mi níbí, á pa mí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìhá ẹyìn ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Màmá, ṣé ẹ kórìíra Vincent ni?"

"Mo gbé e. Báwo ni mo ṣe máa kórìíra ẹ̀?"

"Ẹ sọ fún Fáda pé ẹ ti gbàgbé, nígbà náà. Ẹ ní ẹlòmíì ló gbé mi. Ẹ ti ń dàgbà, wọ́n á gbà."

"Kí n parọ́?"

"Irọ́ kékeré."

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ lè jáde dé ìdí máńgòrò kí ẹ tó pa á."

Helen fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ni o. Ó gbé e mì. "Lucy, bí mo bá parọ́ fún ọ lónìí, kí ni mo wá jẹ́ fún ọ láti ọjọ́ yìí? Tẹ̀ ẹ́."

Lucy dúró. "Àbí torí Bùọ̀dá Àjíṣafẹ́ ni? Torí wọn ò rí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ra mọ́ ní Ìdíọ̀pẹ?"

Helen ju èjìká rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe jù ú sílẹ̀ ni Lucy yọ̀, ó jókòó sínú epo dé ìbàdí, gbàgà. Helen ò na ọwọ́ sí i.

"Jáde nínú ẹkù mi."

Lucy rá jáde. Epo ń kán lára aṣọ rẹ̀, pupa ni láti ìdí dé ẹsẹ̀. Ó dúró létí kòtò, omijé ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. "Ẹ ní ìmọ́lẹ̀ lẹ jẹ́. Ẹ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Èéfín lẹ jẹ́, Màmá. Ojú gbogbo wa ló ń ta."

Nígbà tí Fáda fi máa gun alùpùpù rẹ̀ dé láti Òkìtìpupa lọ́jọ́ Sunday tá a wí, ṣọ́ọ̀ṣì ti kún dé ojú fèrèsé. Àwọn tí kò wá sí Mísà láti ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n wá. Àwọn Aládùúrà méjì tó ń kọjá lọ dúró síta. Òyìnbó ni Fáda, ó gùn bí ọ̀pẹ, kò sì ní sùúrù. Yorùbá rẹ̀ máa ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà òdì: á fi "ìwọ" bá àgbà sọ̀rọ̀, á wá fi "ẹ jọ̀ọ́" bá ewúrẹ́ tó dí ọ̀nà. Wọ́n ti mọ́ ọn lára.

Mísà parí. Rẹ̀mílẹ́kún ò jẹ́ kó bọ́ aṣọ tán. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ro gbogbo ẹjọ́ náà, ó fi tirẹ̀ kún un. Fáda yí padà.

"Helen. Ìwọ, wí. Kí ni òfin?"

Helen jáde síwájú. Ó fọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ ka Katikísìmù. Ó kà á láìkọsẹ̀: ìyá ìsàmì ni ìyá ọmọ níwájú Ọlọ́run, ọmọ méjì tí ìyá kan gbé, ọmọ ìyá ni wọ́n, ọmọ ìyá kò gbọdọ̀ fẹ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó bí àti ọmọ tó gbé.

Fáda wò ó. Ó wo Gbádégẹṣin. "Ìwọ ni o kọ́ wọn báyìí?"

"Ẹ̀hẹ̀ẹ̀m. Fáda, mo bá a nílẹ̀ ni."

"O kò bi mí?"

"Fáda, ẹ máa ń kánjú."

Fáda bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. "Rárá, rárá. Òfin ní ìyá ìsàmì kò lè fẹ́ ọmọ tí ó gbé. Ìyá nìkan. Ọmọ àti ọmọ, kò kàn wọ́n. Helen! Ìwọ nìkan ni kò lè fẹ́ Vincent!"

Ariwo ẹ̀rín bẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan dìde lórí àga. Ẹnì kan pariwo, "Vincent, o mà ti bọ́ o!" Ẹlòmíràn ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ wá ọkọ mìíràn!" Rẹ̀mílẹ́kún ń jó láìsí orin, ó ń yí ìdí níwájú pẹpẹ. Lucy di Vincent lápá mú lójú gbogbo èèyàn. Ohùn bíi mẹ́wàá ló ń sín Helen jẹ lẹ́ẹ̀kan náà: "Èmi Helen ni! Èmi Helen ni!"

Helen ò kúrò lójú kan. Ó dúró de ariwo títí ó fi rọlẹ̀ díẹ̀.

"Fáda. Ọmọ tí mo bí nínú ara ńkọ́? Òun àti ọmọ tí mo gbé."

"Wọ́n lè fẹ́ra. Kí ló máa dí wọn?"

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ kú níbi tí àwọn àgbà jókòó sí. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń rẹ́rìn-ín torí wọn ò rántí. Fáda ò mọ nǹkan kan, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ nínú àpò. Ó gbá Helen léjìká pẹ́pẹ́ bó ṣe ń kọjá.

"Má bínú, Helen. O ṣe dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ni ọ́ nínú ìjọ yìí."

"Àmín," ni Gbádégẹṣin wí.

Àárọ̀ Monday, Helen fẹsẹ̀ rìn lọ sí Igbodigo. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Aníwúrà, ó ń yan gààrí, ó pọn ọmọ, èéfín bò ó. Aníwúrà rí i. Kò kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀."

"Aníwúrà, mo wá bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ sọ ọ́ kíá, gààrí mi ń jóná."

"Fáda ní kò sí òfin náà."

Aníwúrà ń fi igbá ro gààrí, fàà, fàà. Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ọdún kejì tí Àjíṣafẹ́ lọ. Mo gbé oyún àkọ́bí mi lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, mo pàdé Fáda ìgbà yẹn lójú ọ̀nà, mo bi í. Ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo ti wà nílé ọkọ nígbà yẹn, Màmá. Pẹ̀lú ìyálé méjì."

"Kí ló dé tí o ò wá sọ fún mi?"

Aníwúrà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ta ni mo jẹ́ tí màá wá sọ fún yín? Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ níwájú yín, ẹ rántí ohun tí ẹ wí?" Ó fa ohùn rẹ̀ gùn, ó fi ọwọ́ kan sí ìbàdí, Helen rí ara rẹ̀ níwájú rẹ̀ kedere: "'Dìde ńbẹ̀ yẹn! Èṣù ló ń gbẹnu rẹ sọ̀rọ̀! Èmi Helen ni ìmọ́lẹ̀ rẹ!' Mo dìde. Mi ò tún kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́."

"Àjíṣafẹ́ mọ̀?"

"Mo ní kí ẹnì kan bá mi kọ lẹ́tà sí i. Ó mọ̀. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí kò mọ̀."

Helen kúnlẹ̀. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, eékún rẹ̀ tí ẹkù ti bó, ó fi kúnlẹ̀ nínú eérú, níwájú ẹni tó gbé síbi omi.

Aníwúrà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ dìde."

"Dárí jì mí."

"Mo ní ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí àwọn ìyálé mi wá bá yín báyìí? Wọ́n á ní mo ti ń mú àgbà kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá ṣẹ̀ mí, èmi ni mo jẹ̀bi. Bí ẹ bá bẹ̀ mí, èmi náà ni mo jẹ̀bi."

Helen dìde. Ó ṣòro fún un, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Aníwúrà ò ràn án lọ́wọ́. Ó kó gààrí sórí àtẹ, ó tẹ́ ẹ, ó da òmíràn sínú agbada. Ìgbà tó rí i pé obìnrin náà ò lọ, ó sọ ọ́, kò wo ojú rẹ̀.

"Sàpẹ́lẹ́ ló wà. Ibi tí wọ́n ti ń la igi gẹdú, létí odò. Ó ti fẹ́yàwó, ọmọ Ùróbò ni. Wọ́n ti bí ọmọ méjì. Kò sàmì fún wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé àbẹ́là lé ọmọ òun lórí." Ó fẹ́ iná. "Kò fẹ́ rí yín. Èmi náà ò fẹ́ rí yín. Ẹ máa lọ."

Helen jáde sójú títì. Lọ́rì tó ń lọ sí apá ilé rẹ̀ kọ́kọ́ dé, èrò ń pè é, ó jẹ́ kó kọjá. Ó dúró nínú oòrùn títí èyí tó kọjú sí ọ̀nà kejì fi dé, ó kún fún àgbá epo. Dẹ́rẹ́bà yọ orí.

"Màmá, ibo?"

"Sàpẹ́lẹ́."

"Mi ò dé Sàpẹ́lẹ́ o. Ọ̀rẹ̀ ni mo máa já yín sí, ẹ wá wọ ti Bìní níbẹ̀. Àpò yín dà?"

"Kò sí àpò."

"Ta lẹ wá fẹ́ lọ rí lọ́nà jíjìn báyẹn?"

"Ọmọ mi."

"Ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

Helen di igi ọkọ̀ mú, ó gbé eékún tó bó náà lé e, ó fa ara rẹ̀ gòkè sáàárín àgbá.

"Kò mọ̀," ló wí. "Bó bá mọ̀, á sá."